Òṣùwọ̀n Lójú Gbogbo Ènìyàn: Fún Ẹni Tí Wọ́n Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fi Ṣe Olórí Níbi Iṣẹ́

Orí yìí wà fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí níbi iṣẹ́ ní agbègbè Tchaourou: alága ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníkajú, ìyá tó ń darí àwọn tó ń yan gàrí, ẹni tó ń bójú tó àwọn obìnrin tó ń ṣe òrí, ọ̀gá aránṣọ tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Ọmọ ìlú yìí, Thomas Boni Yayi, darí BOAD, báǹkì ìdàgbàsókè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ní Lomé láti 1994 títí di 2006, kí ó tó di Ààrẹ orílẹ̀-èdè Benin. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ lè mú kí ènìyàn rò pé ìlú ńlá ni a ti ń ṣe olórí gidi. Èrò tèmi yàtọ̀. Àga kékeré tí wọ́n gbé sábẹ́ igi máńgòrò lábúlé le jókòó lé ju ti ọ́fíìsì lọ, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀gá ní ọ́fíìsì Cotonou lè dá owó oṣù dúró. Ó lè kọ̀wé ìkìlọ̀, ó sì lè ní kí wọ́n gbé òṣìṣẹ́ lọ síbòmíràn. Olórí ẹgbẹ́ oníkajú ní Tchatchou tàbí Alafiarou kò ní ọ̀kankan lára agbára wọ̀nyí. Àna rẹ̀ wà nínú àwọn tó ń darí, ẹni tí oko rẹ̀ bá tirẹ̀ pààlà náà wà níbẹ̀. Bí inú bá bí ọmọ ẹgbẹ́ kan láàárọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n ó ti lè di àpò rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, kó gbé e tọ alágbàtà lọ lójú títì. Kò sí ìwé àdéhùn tó lè dá a dúró. Ohun tó máa mú un padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ ni pé ó dá a lójú pé wọn kò rẹ́ òun jẹ.

Ilẹ̀ náà tún fẹ̀. Kò sí kọ́múnù tó fẹ̀ tó Tchaourou ní gbogbo Benin: ó ju 7,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, ó pín sí ọ̀nà méje, láti Bétérou títí dé Kika, àwọn tí wọ́n kà níbẹ̀ nígbà ìkànìyàn ọdún 2013 sì lé ní 223,000. Nàgó, Bàrùbá, Fúlàní àti àwọn àgbẹ̀ tó ṣí wá láti ẹkùn Atacora ni wọ́n jọ ń gbé e. Ẹni mẹ́wàá lè jókòó nípàdé kan kí èdè mẹ́rin wà láàárín wọn. Olórí tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ dídùn nìkan níbẹ̀, ìdajì àwọn tó ń darí ni kò ní gbọ́ ọ.

Nítorí náà, gbogbo ìmọ̀ràn inú orí yìí ti inú ẹyọ kan jáde: ohun tí a bá lè wọ̀n, tí a lè kà, tàbí tí a lè kọ sílẹ̀, kí olórí má ṣe é ní kọ̀rọ̀, kí ó má sì dá a ṣe.

Ọjọ́ ìwọ̀n

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń wọn kajú ni ọjọ́ tí a ń mọ olórí. Láti nǹkan bí Oṣù Kejì títí wọ Oṣù Karùn-ún, kóró kajú ni owó ọ̀pọ̀ ilé lápá ibí. Owó ilé ìwé, owó oògùn, owó tí wọ́n máa fi gba àwọn tó máa kọ ebè iṣu, inú àpò yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà. Kílò méjì tó bá dínkù lórí òṣùwọ̀n lè máà jọ nǹkan lójú ẹni tó ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa á lábẹ́ igi láti ìdájí mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ gbé òṣùwọ̀n síbi tí oòrùn ti mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ojú rẹ̀ kọ sí àwọn oníkajú, kí ó má kọ sí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n. Kí ẹ tó gbé àpò ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ fi ohun tí gbogbo ènìyàn mọ ìwọ̀n rẹ̀ dán an wò. Àpò sìmẹ́ǹtì tí wọn kò tíì já, tí wọ́n kọ kílò 50 sí lára, dára fún èyí. Ẹ fi láílọ́ọ̀nù wé e kí òjò má bà á jẹ́, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan. Bí òṣùwọ̀n bá sọ 48, ẹ tún un ṣe títí yóò fi sọ 50, lójú wọn. Kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni lè ní kí wọ́n gbé àpò sìmẹ́ǹtì náà padà sórí òṣùwọ̀n nígbà tó bá wù ú, láìsí pé ẹnì kan bínú sí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n lè béèrè lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè, nítorí ẹni tó ń béèrè lójú yín kò ní lọ máa sọ ọ́ lẹ́yìn yín.

Bí wọ́n bá gbé àpò kọ́, kí ẹni tó ń wò ó ké iye rẹ̀ sókè ní Nàgó, kí ẹlòmíràn tún un ké ní Bàrùbá, kí ẹni tó ni àpò fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ kí wọ́n tó kọ ọ́. Ìwé méjì ni kí wọ́n kọ ọ́ sí: ìwé ńlá ti ẹgbẹ́, àti ìwé kékeré tí olúkúlùkù ń mú lọ sílé. Ìyá tí kò mọ̀wé yóò gbé tirẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ tó wà ní iléèwé, ọmọ náà á sì kà á fún un lálẹ́. Inú mi máa ń dùn sí ìwé kékeré yìí ju gbogbo ohun èlò mìíràn tí ẹgbẹ́ lè rà lọ, nítorí òun ló ń mú kí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ dé ilé tí olórí kò lè dé.

Àpò olórí ńkọ́? Kí ó tò bí àwọn yòókù ti tò. Kí ó má ṣe ṣíwájú, kí ọwọ́ rẹ̀ má sì kan òṣùwọ̀n nígbà tí àpò rẹ̀ bá wà lórí rẹ̀.

Ohun tó tún le ju ìwọ̀n lọ ni kí a sọ fún ènìyàn pé ọjà rẹ̀ kò dára. Ìjọba Benin kéde pé láti 1 Oṣù Kẹrin 2024 kò ní sí àyè mọ́ láti kó kóró kajú tí a kò tíì ṣe lọ sókè òkun, kí àwọn ilé iṣẹ́ abẹ́lé, bí irú àwọn tó wà ní Glo-Djigbé, lè rí i lò. Ilé iṣẹ́ kì í ra kajú lójú lásán. Iye ọmọ inú kajú tó jáde láti inú àpò kílò 80 ni wọ́n fi ń mọ bó ṣe tó, pọ́n-ùn ni wọ́n sì ń kà á sí. Nítorí náà àpò tútù kan ṣoṣo lè fa iye owó gbogbo ẹgbẹ́ sílẹ̀, olórí ni ojú á sì kọ́kọ́ tì.

Bí ẹ bá fura sí àpò kan, ẹ má sọ pé, «Kajú yín ti bàjẹ́.» Ẹ jẹ́ kí kajú fúnra rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ bu láti òkè, láti àárín àti láti ìsàlẹ̀ àpò, ẹ pò ó pọ̀, ẹ wọn kílò kan níbẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ sílẹ̀, kí ẹ la kóró náà lọ́kọ̀ọ̀kan lójú ẹni tó ni í. Kí ẹni tó ń là á wọ ìbọ̀wọ́, tàbí kí ó fi òróró pa ọwọ́ dáadáa, nítorí oje èèpo kajú ń bó ènìyàn lára. Èyí tó funfun tó sì kún, ẹ kó o sápá kan. Èyí tó ti rọ tàbí tó ní àbàwọ́n, sápá kejì. Èyí tó dúdú tàbí tó ti hu, sápá kẹta. Ẹni tó ni àpò á máa wo òkìtì mẹ́ta náà bó ṣe ń ga. Lọ́pọ̀ ìgbà òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ pé, «Òjò ọjọ́ Ẹtì ló pa èyí.» Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀kọ́: pé kí a ṣa èyí tó bá já bọ́ fúnra rẹ̀, kí a má gun igi lọ já a, pé kí a sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta títí tí yóò fi máa dún wẹ́wẹ́ bí a bá gbọ̀n ọ́n, pé àpò ìdọ̀họ ni kí a kó o sí, nítorí ọ̀rá kì í jẹ́ kó mí.

Àwọn tó dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí gbogbo ayé fi ń ṣe àpẹẹrẹ sílẹ̀, àwọn méjìdínlọ́gbọ̀n kan ní Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orí ìwọ̀n àti ọjà tó dára náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìtajà wọn ní 21 Oṣù Kejìlá 1844, ìlérí wọn ni ọjà tí a kò da nǹkan mìíràn pọ̀ mọ́, àti ìwọ̀n tó pé. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ ahunṣọ tí owó iṣẹ́ wọn kò tó jẹun. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá nípa aṣáájú ni wọ́n fi fa ènìyàn mọ́ra.

Bíbá àgbà wí

Ẹni ọgbọ̀n ọdún tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ máa ní láti bá ìyá tó tó bí i lọ́mọ sọ̀rọ̀ nípa pípẹ́ dé, tàbí nípa kajú tútù. Àwọn kan máa ń dákẹ́ nítorí ìtìjú, wọ́n á wá lọ máa ráhùn lẹ́yìn. Àwọn mìíràn á fi òfin ẹgbẹ́ jágbe mọ́ ọn láàárín ọjà. Méjèèjì ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Kíkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀ kò dín àṣẹ yín kù rárá. Òun gan-an ló ń la ọ̀nà fún ọ̀rọ̀ tó le.

Ẹ lọ bá a nílé, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, kí ó tó gba oko lọ.

«Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ jí dáadáa? Àwọn ọmọ ńkọ́?»

«A dúpẹ́, ọmọ mi. Kí ló dé tó o fi tètè jí báyìí?»

«Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú mà. Ọ̀rọ̀ kan ni mo bá wá, mi ò sì fẹ́ sọ ọ́ lójú èrò. Lọ́jọ́ ìwọ̀n tó kọjá àti èyí tó ṣáájú rẹ̀, àpò yín dé lẹ́yìn tí a ti pa ìwé dé. A gbà á nígbà kìíní. Àwọn tó ti Sanson wá láti òru ń béèrè ìdí tí a fi ń dúró de àwọn kan. Kí ni ká ṣe tí yóò fi rọrùn fún yín láti tètè dé?»

«Ẹni tó ń bá mi gbé e kò ráyè mọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ó ti lọ sí Parakou.»

«Bó bá jẹ́ ti gbígbé ni, kẹ̀kẹ́ ẹgbẹ́ lè gba iwájú ilé yín kọjá kí aago mẹ́jọ tó lù. Àmọ́ mà, bí a bá ti pa ìwé dé lẹ́yìn òní, ó di ọjọ́ ìwọ̀n mìíràn fún gbogbo wa, àti èmi náà.»

Ẹ wo ohun tí akọ̀wé náà ṣe. Kò parọ́ pé kò sí nǹkan, kò sì fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sọ ẹni tó ń jìyà rẹ̀, ó sì béèrè. Ìdáhùn tó rí gbà kì í ṣe èyí tó ń retí, nítorí àìrí ẹni bá a gbé àpò ni, kì í ṣe àìnání. Lẹ́yìn náà ló wá fi ẹsẹ̀ òfin múlẹ̀, ó sì fi ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá tún wáyé nígbà kẹta, ẹ wá àgbà tí ìyá náà ń gbọ́ tirẹ̀ lọ, kí ẹ jọ jókòó. Ọ̀rọ̀ ẹnì kan ni kí a máa sọ ní kọ̀rọ̀, òfin tó kan gbogbo ènìyàn ni kí a máa kéde. Ẹni tó bá yí i padà, tó ń dójú ti ènìyàn ní gbangba, tó sì ń tún òfin ṣe nínú yàrá, kò ní pẹ́ kí ibi iṣẹ́ rẹ̀ tú.

Ìpàdé

Bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀, ọmọdé kì í já a nírọ́. Àṣà rere ni nínú ilé. Àmọ́ ó ń ná ibi iṣẹ́ lówó, nítorí ọmọdé ló ń gun alùpùpù lọ sọ́jà, òun ló mọ iye tí alágbàtà ń san lánàá. Kí ẹni tó ń darí ìpàdé pe àwọn tó kéré jù àti àwọn obìnrin kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n rí, kí ó fi ti àwọn àgbà kádìí rẹ̀. Kò sí àgbà tó máa bínú bí ẹ bá ti sọ fún un ṣáájú pé òun ni yóò dé ọ̀rọ̀ ládé. Ẹ yan ẹni méjì tí yóò máa túmọ̀, kí ó má jẹ́ ẹnì kan náà nígbà gbogbo, nítorí ẹni tó ń túmọ̀ náà lágbára. Kí ìpàdé tó tú, kí akọ̀wé ka ohun tí wọ́n fẹnu kò sí, kí wọ́n sì sọ orúkọ ẹni tí yóò ṣe é àti ọjọ́ tí yóò ṣe é tán. Ìpinnu tí kò bá ní orúkọ ẹnì kankan lára, ẹ má kọ ọ́, torí kò sí ẹni tó máa ṣe é.

Kíkọ́ ẹlòmíràn

Òfin OHADA, àjọ tó ń mú òfin òwò àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan bára mu, lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Lomé ní 15 Oṣù Kejìlá 2010, ló ń darí irú ẹgbẹ́ wọ̀nyí ní Benin. Ẹni márùn-ún ti tó láti dá ẹgbẹ́ kékeré tí wọ́n ń pè ní SCOOPS sílẹ̀. Èyí tó ní ìgbìmọ̀ olùdarí, COOP-CA, ń fẹ́ ẹni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nínú méjèèjì, ìbò kan ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ì báà ní ìpín kan, ì báà ní ogún. Òfin yìí mọ̀ pé olórí lè kúrò, ó sì ṣètò fún un. Àwa náà mọ̀ ọ́n, àmọ́ ọ̀pọ̀ olórí ń ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ yóò kú bí òun bá lọ síbi ìsìnkú ní Savè fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ wo Agége, nítòsí Èkó, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége, Agege Planters' Union, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907 tí Jacob Kẹ́hìndé Coker sì jẹ́ aṣáájú nínú rẹ̀, gba ọ̀pọ̀ alágbàṣe láti ilẹ̀ Yorùbá jákèjádò sóko kòkó. Àwọn alágbàṣe náà kò kàn gba owó iṣẹ́. Wọ́n mọ bí a ṣe ń gbin kòkó, bí a ṣe ń sin ín, bí a ṣe ń sá a, wọ́n sì mú ìmọ̀ náà àti irúgbìn padà sí ìlú wọn. Ọ̀gá mìíràn ì bá bẹ̀rù pé àwọn wọ̀nyí yóò di oníkòkó tí yóò máa bá òun du ọjà. Ohun tí ẹ̀rù yẹn ń ṣe ni pé ó ń mú kí ọ̀gá fi apá kan iṣẹ́ pamọ́ sínú àpò ara rẹ̀. Mo ti rí i nídìí ẹ̀rọ gàrí: ẹnì kan ṣoṣo ló mọ bí wọ́n ṣe ń yí bẹ́líìtì ẹ̀rọ padà, kò kọ́ ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò yá, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó kún ilẹ̀, oòrùn sì ń là.

Ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹ̀yin nìkan mọ̀ sórí ìwé. Kò níí gùn tó bí ẹ ṣe rò: bí a ṣe ń dán òṣùwọ̀n wò, ẹni tí a ń pè ní ilé iṣẹ́ tó ń ra kajú, ibi tí ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ wà. Lẹ́yìn náà ẹ mú ọ̀dọ́ méjì, ọkùnrin kan obìnrin kan, kí wọ́n dúró ti yín fún odidi àkókò kajú kan. Lọ́dún kejì, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí ẹ̀yin dúró ti wọn. Wọ́n máa ṣi nǹkan ṣe. Ẹ má gba òṣùwọ̀n lọ́wọ́ wọn lójú èrò. Ẹ dúró di ìgbà tí àpò náà bá sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sọ fún wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Owó

Èyí kò nílò àlàyé gígùn. Ẹ ṣí àpamọ́wó ẹgbẹ́ sí CLCAM tàbí sí ilé ìfowópamọ́ mìíràn, kí ó jẹ́ pé ọwọ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta ni yóò máa jáde lórí ìwé kí owó tó jáde. Kí olórí má ṣe nìkan lọ bá oníbàárà dúnàádúrà láéláé, kódà bí oníbàárà bá jẹ́ ìbátan rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ìbátan rẹ̀. Bí owó bá sọnù, ẹ kà á lójú ẹni mẹ́ta, kí ẹ kéde iye tó dínkù lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ tó wá ẹni tó gbé e. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sẹ́fà tí olórí fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó dínkù kò lè dá ìjà tó ẹgbẹ̀rún méjì tí àwọn ènìyàn gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́nu aládùúgbò.

Ìparí àkókò

Nígbà tí kajú bá tán, kí iṣẹ́ iṣu tó gba gbogbo ọwọ́, ẹ pe gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jọ. Kí akápò ka ìwé láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn: àpò mélòó ló wọlé, mélòó ni ilé iṣẹ́ kọ̀, èló ni a gbà, èló ni a fi gbé ẹrù, èló ló kù. Kí ẹni tó bá ní ìwé kékeré lọ́wọ́ fi ti ẹgbẹ́ wé tirẹ̀ níbẹ̀. Bí iye méjì kò bá bára mu, ẹ dúró lórí rẹ̀ títí yóò fi bára mu, kódà bí ilẹ̀ bá ń ṣú.

Lẹ́yìn èyí, kí olórí dìde, kí ó jáde kúrò níbẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀, kí wọ́n lè sọ ohun tí wọ́n rí lára iṣẹ́ rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ láìkọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Nígbà tí olórí bá padà wọlé, kí wọ́n kà á sí i létí lójú gbogbo wọn. Kí ó má ṣe fèsì lọ́jọ́ náà. Kí ó dúpẹ́, kí ó gba ìwé náà lọ sílé, kí ó sì mú ìdáhùn rẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, ní kíkọ.